Òwú, Òfin àti Ẹ̀rọ ní Lancashire

Àwọn kan gbà pé ẹ̀rọ nìkan ni orílẹ̀-èdè nílò kí ilé-iṣẹ́ aṣọ rẹ̀ tó lè gbèrú. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ń fi ṣe àpẹẹrẹ: ẹ̀rọ ìranwú tí Hargreaves ṣe, èyí tí Arkwright gba ìwé-àṣẹ rẹ̀ ní 1769, àti ti Crompton ní 1779. N kò sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n òfin ti ń gbè wọ́n lẹ́yìn kí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí tó dé.

Irun àgùntàn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ ọ́n hun. Láti Índíà ni aṣọ òwú aláràbarà ti ń wá. Ó fúyẹ́, àwọ̀ rẹ̀ kì í tètè ṣá, owó rẹ̀ kò sì ga. Apá àwọn ahunṣọ Lọ́ńdọ̀nù kò ká a. Ní 1719 wọ́n tú sí ìgboro, wọ́n ń fa aṣọ Índíà ya mọ́ àwọn obìnrin lára. Láti 1700 ni ìjọba ti fòfin de títa aṣọ òwú alárà Índíà láàárín ìlú. Ní 1721, ó fòfin de wíwọ ọ̀pọ̀ jù lọ irú rẹ̀. Abẹ́ àtíbàbà òfin yìí ni Lancashire ti kọ́ṣẹ́.

Ẹ kíyè sí i pé òfin náà kò dí àwọn oníṣòwò lọ́wọ́ láti kó aṣọ Índíà kan náà wá sí etíkun wa láti fi ra ẹrú. Aṣọ tí obìnrin Lọ́ńdọ̀nù kò gbọdọ̀ wọ̀, òun ni wọ́n fi ń ra ọmọ ènìyàn níhìn-ín! Lára àwọn tí wọ́n rà, àti àwọn ọmọ wọn, ni wọ́n gbin òwú ní erékùṣù Karibíà, ní Bràsíìlì, àti lẹ́yìn náà ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí òwú náà sì ń lọ sí Lancashire. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà dí ọ̀nà òwú láti 1861 sí 1865, ebi wọ ilé àwọn òṣìṣẹ́ Lancashire.

Ọjà ńkọ́? Índíà tí wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ ni wọ́n padà sọ di oníbàárà. Ní 1882, ìjọba amúnisìn mú owó-ibodè kúrò lórí aṣọ Lancashire tí ń wọ Índíà. Nígbà tí àìní owó mú kí wọ́n dá a padà, àwọn ará Lancashire fárígá. Ní 1896, wọ́n gbé owó-orí ìpín 3½ nínú 100 ka aṣọ tí ilé-iṣẹ́ Índíà fúnra rẹ̀ ń hun. Ní 1913, aṣọ òwú tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tà sókè òkun tó bílíọ̀nù yáàdì 7.

Díẹ̀ nínú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn aláró Abẹ́òkúta ń ṣe àdìrẹ sórí aṣọ funfun Manchester, nítorí ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀, ó sì gba ọnà ju kíjìpá lọ. N kò lè pe ìyẹn ní àdánù lásán, nítorí ọgbọ́n àwọn ìyá wa ni ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìranwú àti ìhunṣọ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Nígbà tí Japan bẹ̀rẹ̀ sí díje, tí Índíà sì kọ aṣọ òkèèrè, Lancashire gbọ̀n. Gandhi bẹ̀ wọ́n wò ní Darwen ní 1931, ó sì rí àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ní 1959, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin láti sanwó fún àwọn oníléeṣẹ́ kí wọ́n lè fọ́ ẹ̀rọ wọn. Àwọn ẹ̀rọ náà kò tíì bàjẹ́.