Eré Nínú Eré: Títu Ọkọ̀ Aléfòó Nínú Eré Ìje Orí Ẹ̀rọ

Mo mọ̀ pé nígbà tí ẹ rí orí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn kan nínú yín yóò ti bi ara wọn pé kí ni ó kan olùkọ́ lítíréṣọ̀ nínú eré àwọn ọmọdé. Ìbéèrè náà tọ́. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ bèèrè rẹ̀, ibẹ̀ sì ni mo ti ṣe àṣìṣe.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́ kan wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó fẹ́ fi èdè Yorùbá kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lórí eré ìje kan tí à ń pè ní Wipeout. Mo ní, 'Ọmọ mi, èyí kì í ṣe lítíréṣọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, èdè wa kò tíì ní ọ̀rọ̀ tí ìwọ yóò fi sọ ọ́.' Ó ní, 'Ẹ má bínú, sà. Ṣé èdè ni kò ní ọ̀rọ̀ náà ni, àbí àwa ni a kò tíì wá a?' N kò dá a lóhùn. Ó lọ kọ iṣẹ́ mìíràn, ó sì gba oyè rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kò bá a jáde kúrò ní ọ́fíìsì mi.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Eré ni ọmọdé ń ṣe ní ojúde. Eré ni ẹni tí ẹrù bà ń sá. Eré ni Dúró Ládípọ̀ gbé ka orí ìtàgé ní ọdún 1963, tí ó pè ní Ọba Kò So, nínú èyí tí Tìmì àti Gbọ̀ńkáà ti kojú ara wọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a ń lò fún ìdárayá, fún ìyára àti fún ìtàgé. Èdè tí ó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àpò kan kò yẹ kí ó jẹ́ àjèjì sí eré tí a ń fi ìyára ṣe.

Ní ọdún 1990 ni ilé-iṣẹ́ Nintendo ti ilẹ̀ Japan gbé eré F-Zero jáde. Ní ọdún 1995, ilé-iṣẹ́ Psygnosis ní ìlú Liverpool, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe Wipeout fún ẹ̀rọ PlayStation, wọ́n sì fi ìje inú rẹ̀ sí ọdún 2052. Ọkọ̀ inú eré méjèèjì kò ní táyà. Ṣe ni wọ́n ń léfòó sókè díẹ̀ lórí ọ̀nà, bí ẹni pé òòfà ilẹ̀ kò rí wọn mú mọ́. Ẹni tí ó bá rò pé àlá lásán ni èyí, kí ó rántí ọkọ̀ ojú irin ìlú Shanghai tí ó ti ń kó èrò láti ọdún 2004: agbára òòfà ni ó gbé e kúrò lórí ọ̀nà rẹ̀, a sì ṣe é kí ó lè sá ju 400 kìlómítà lọ ní wákàtí kan.

Mo wá ẹ̀rọ náà rà, mo sì sọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi di olùkọ́ mi. Ní ọjọ́ kìíní, ògiri ni mo ń kọlù. Bí mo bá tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún, imú ọkọ̀ a yí sí ọ̀tún bí mo ti fẹ́, ṣùgbọ́n odidi ọkọ̀ a máa bá ibi tí ó ń lọ tẹ́lẹ̀ lọ, títí ògiri yóò fi dá a dúró. Mo rò pé ẹ̀rọ ni ó bàjẹ́. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, 'Bùọ̀dá àgbà, imú lẹ yí, ẹ kò tíì yí ọkọ̀.'

Gbólóhùn yẹn ni gbogbo ẹ̀kọ́ títu ọkọ̀ aléfòó. Ọkọ̀ tí ó ní táyà ń di ilẹ̀ mú. Bí a bá yí táyà rẹ̀, ilẹ̀ ni ó ń tì í sí ọ̀nà tuntun. Èyí tí ó léfòó kò ní ohun tí yóò dì mú. Kí ni ó wá kù? Afẹ́fẹ́ nìkan. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fún ọkọ̀ inú Wipeout ní ohun méjì, ọ̀kan ní òsì, ọ̀kan ní ọ̀tún, tí ń ṣí láti gba afẹ́fẹ́ dúró ní apá kan. Bíréèkì afẹ́fẹ́ ni Gẹ̀ẹ́sì pè é. Orúkọ náà ṣì mí lọ́nà fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, nítorí nígbà tí mo gbọ́ bíréèkì, mo rò pé ìdúró ni ó wà fún, n kò sì fẹ́ dúró!

Ọjọ́ tí mo rántí ọmọ Ìlàjẹ nínú ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ ni ojú mi là. Omi kò ṣeé dì mú bí ilẹ̀. Bí atukọ̀ bá ń sáré lọ tí ó fẹ́ yà sí ọ̀tún, á ti àjẹ̀ bọ omi ní apá ọ̀tún, á sì dì í mú gírígírí. Omi á kọ̀ fún apá ọ̀tún, apá òsì á ṣì máa lọ, orí ọkọ̀ á sì yí sí ọ̀tún. Ohun tí bọ́tìnnì náà ń ṣe gan-an nìyẹn. Mo bá pè é ní àjẹ̀ afẹ́fẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti pè é bẹ́ẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n lò. Bí a bá tẹ àjẹ̀ méjèèjì pọ̀, nígbà náà nìkan ni ó di bíréèkì ní tòótọ́.

Ó tún ku imú. Níbi tí ọ̀nà bá ti já wálẹ̀ lójijì, ọkọ̀ a fò. Ẹni tí ó bá gbé imú sókè díẹ̀ yóò balẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ẹni tí imú rẹ̀ bá kọ́kọ́ kanlẹ̀ yóò pàdánù ìyára rẹ̀.

Ní Ẹdẹ níbí, kò yẹ kí n ṣàlàyé pẹ́ títí nípa iṣẹ́ ọwọ́ méjì. Ìlú Tìmì Láoyè Kìíní ni a wà, ọba tí ó jẹ láti 1946 sí 1975, tí ayé mọ̀ ní onílù. Ẹni tí ó bá wo onídùndún dáadáa yóò rí i pé ọwọ́ tí ń lù kọ́ ni ó ń sọ̀rọ̀ jù. Ọwọ́ tí ń fún ọsán ni. Ọsán gbọ́dọ̀ ti le tó kí ọ̀pá ìlù tó kan awọ. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ mìíràn ni ìlù sọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àjẹ̀ afẹ́fẹ́: ṣíṣáájú ni à ń tẹ̀ ẹ́, kí a tó dé ibi tí ọ̀nà ti yà. Ẹ má sì gbàgbé pé ọsán kan náà ni a ń pe okùn ọrun tí ìtàn sọ pé Tìmì Àgbálé, ọlọ́fà iná, fi ta ọfà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú mi ka eré wọ̀nyí bí ẹni ń ka ìwé ni òfin asà. Nínú F-Zero ti 1990, bí ènìyàn bá parí àyípo kan, wọn a fún un ní agbára eré àsápajúdé kan, lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí ó fi di F-Zero X ní 1998, tí ọgbọ̀n ọkọ̀ ń jọ díje, òfin ti yí padà: láti àyípo kejì lọ, inú agbára tí ó jẹ́ ẹ̀mí ọkọ̀ ni awakọ̀ yóò ti bu ìyára. Ẹ̀mí ni ó ń fi ra eré. Ẹni tí ó bá ra púpọ̀ yóò ṣáájú, ṣùgbọ́n ògiri kékeré kan tó láti pa á. Nínú Wipeout Pure ti 2005 ẹ̀wẹ̀, ohun ìjà tí ènìyàn bá rí he lójú ọ̀nà, ó lè yìn ín lu ẹni tí ń bẹ níwájú, ó sì lè gbé e mì kí asà rẹ̀ fi lágbára sí i. Kò lè ṣe méjèèjì. N kò mọ oríṣi ìpinnu tí à ń wá nínú eré onítàn ju èyí lọ. Ọmọ ayò 48 nínú ihò 12 kò ní ìtàn kíkọ kankan, síbẹ̀ ta ni kò tíì rí àgbàlagbà tí ó di ọmọ mú lọ́wọ́ tí kò mọ ibi tí yóò ta á sí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí ó lè bí àwọn kan nínú. Àwa náà ní ìtàn ìyára. A ní kánakò tí ń ká ọ̀nà kò. A ní egbé, tí Fágúnwà fún Àkàrà-oògùn nínú ìwé rẹ̀ ti 1938. Ṣùgbọ́n ẹni tí egbé gbé kì í tu ọkọ̀ kankan. Ó pe ọfọ̀, ó dé ilé. Ọ̀nà kò sí nínú ìtàn rẹ̀, yíyà kò sí, àjẹ̀ kò sí. Ìtàn wa fẹ́ràn dídé. Eré tí mò ń wí yìí kò fẹ́ràn ohun mìíràn ju ọ̀nà lọ. Mo rò pé èyí ni ó jẹ́ kí n kọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ mi: mo ń wá ibi tí eré náà dé, n kò wo bí ó ti ń lọ.

Ọ̀nà méje ni ó wà nínú Wipeout àkọ́kọ́. Wọ́n fi wọ́n sí Kánádà, Japan, Jámánì, Rọ́ṣíà, Amẹ́ríkà àti Greenland. Wọ́n fi èkeje sí orí ìràwọ̀ Mars. Wọ́n rí ọ̀nà là ní Mars, wọn kò sì rí ilẹ̀ kan ṣoṣo ní Áfíríkà. N kò rò pé ìkà ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tí kò bá sí nídìí iṣẹ́ ni a kì í rántí bu oúnjẹ fún. A ti ń dé ìdí iṣẹ́ náà báyìí: ilé-iṣẹ́ Maliyo Games ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó láti 2012, Kiro'o Games ti Yaoundé sì gbé Aurion jáde ní 2016. Ọdún 2012 yìí kan náà ni wọ́n ti ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe Wipeout ní Liverpool pa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àtúntẹ̀ eré náà ṣì jáde ní 2017.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà láàárín yín níbí. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, mo sì tún ń tọrọ rẹ̀ ní gbangba báyìí. Òun ni ó gbé ẹ̀rọ tí ẹ rí lórí tábìlì lẹ́yìn yín wá. Lẹ́yìn ìbéèrè yín, èmi àti òun yóò sá àyípo mẹ́ta. Kò tíì jẹ́ kí n borí rí.