Orúkọ Ara Ọ̀bẹ Kọ́ Ló Ń Gé Ẹran
(Ọ̀rọ̀ tí àwa ìsọ̀ ọlọ́bẹ sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ wa)

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí ìsọ̀ ọlọ́bẹ wá sọ̀rọ̀ lọ́dún yìí, a bi ara wa pé kí la fẹ́ sọ fún àwọn tó ń lo ọ̀bẹ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹlẹ́ran wà níbí, ẹlẹ́ja wà níbí, ẹlẹ́fọ̀ọ́ àti àwọn alásè wà ní ìjókòó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa àti oníbàárà, tó sì fẹ́ kan owó tí a jọ ń dá. Àwọn kan nínú wa fẹ́ yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ láti kó ọ̀bẹ wọlé ní páálí-páálí. Wọ́n ní tí a bá ti kọ "Germany" sí i lára, owó yòówù tí wọ́n bá pè é, kí á san án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ yẹn wò kí owó ẹgbẹ́ tó jáde.

Ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń gbọ́ ni pé ti Jámánì ló dáa, ti Ṣáínà ò dáa. Ẹ gbọ́ ìtàn. Láyé àtijọ́, ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ayé ń wá ọ̀bẹ lọ. Nígbà tó yá, àwọn kan ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí rọ ọ̀bẹ àti sáàsì olówó pọ́ọ́kú, wọ́n wá ń tẹ orúkọ Sheffield sí i lára. Inú bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1887, ìjọba wọn ṣòfin pé ọjà òkèèrè tó bá gbé orúkọ tó lè mú kí èèyàn pè é ní ti Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ fi ìlú tó ti wá hàn. Ibẹ̀ ni "Made in Germany" ti gbòde. Ìkìlọ̀ ni nígbà náà, kì í ṣe ìyìn! Àwọn ará Jámánì ò bínú jókòó, wọ́n tún iṣẹ́ wọn ṣe títí orúkọ ìkìlọ̀ fi di orúkọ iyì. Nígbà tó di ọdún 1938, àwọn náà ṣòfin láti dáàbò bo orúkọ Solingen, ìlú ọlọ́bẹ wọn, kí ẹlòmíì má baà máa tẹ̀ ẹ́ sára ọ̀bẹ tí wọn ò rọ níbẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Àwọn tí wọ́n ń pè ní ayédèrú lánàá ló di ẹni tí ayédèrú ń lé kiri.

Lónìí ńkọ́? Ilé iṣẹ́ Zwilling, tó bẹ̀rẹ̀ ní Solingen lọ́dún 1731, ní ilé iṣẹ́ ní Seki ní Japan àti ní Shanghai ní Ṣáínà. Ìlú Yangjiang ní Ṣáínà, iṣẹ́ ọ̀bẹ ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀bẹ tí kò lè gé tòmátò ti ń wá, ibẹ̀ náà ni ọ̀bẹ gidi ti ń wá. Ohun tí oníṣòwò bá béèrè, tó sì sanwó rẹ̀, ni ilé iṣẹ́ máa rọ fún un. Ẹ tún ṣọ́ra: "German Steel" kì í ṣe "Made in Germany." Irin nìkan ni àkọ́kọ́ ń sọ, èkejì ló ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ sténlẹ́ẹ̀sì. Àwọn èèyàn gbà pé kò lè dípẹtà láéláé, àti pé tí òòfà, ìyẹn mágínẹ́ẹ̀tì, bá ti gbé ọ̀bẹ, ayédèrú ni. Méjèèjì ò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1913 ni Harry Brearley, ọmọ Sheffield, ń wá irin tí yóò dára fún ẹnu ìbọn, tó fi rí irin tí wọ́n po chromium mọ́, bí ìdá 13 nínú 100. Chromium yìí ló ń ṣe awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ara irin tí ìpẹtà kì í fi í tètè ràn án. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi ọ̀bẹ sílẹ̀ sínú omi iyọ̀ mọ́jú, àmì ìpẹtà lè yọ lára rẹ̀. Ní ti òòfà, ṣíbí àti ìkòkò tí wọ́n po nickel mọ́ ni òòfà kì í sábà gbé. Irú irin bẹ́ẹ̀ rọ̀, iná ò lè sọ ọ́ di líle tí yóò fi mú dáadáa. Irin tí wọ́n fi ń rọ ojú ọ̀bẹ gan-an, òòfà máa ń gbé e. Torí náà, oníbàárà tó bá mú òòfà wá, ẹ fi sùúrù ṣàlàyé fún un, ẹ má bá a jà.

Ẹ̀kẹta ló dùn wá jù: pé ọ̀bẹ alágbẹ̀dẹ wa kò wúlò, pé àlòkù irin ni. Àlòkù irin wo? Sìpíríǹgì ọkọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ń lò. Irin tí wọ́n ṣe kó lè tẹ̀, kó sì padà sí ipò rẹ̀ lábẹ́ ẹrù ni. Ó ní kábọ́nù bí ìdajì ìdá kan nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kábọ́nù yẹn ló ń jẹ́ kí irin le tí wọ́n bá finá sí i, tí wọ́n sì kì í bọ omi tàbí epo. Tó bá le jù, á máa ṣẹ́. Tó bá rọ̀ jù, ojú rẹ̀ á ká. Ìdí nìyí tí alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ fi ń tún un yá níná díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọwọ́ alágbẹ̀dẹ àti iná ló ń fún ọ̀bẹ ní ẹ̀mí. Òótọ́ ni pé ó ń dípẹtà. Ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi epo díẹ̀ pa á lára. Ó sì rọrùn láti pọ́n.

Báwo la ṣe wá máa mọ èyí tó dáa? Ẹ fi ọ̀bẹ gé tòmátò tó pọ́n láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ rọra tẹ ojú rẹ̀ díẹ̀, kó padà tààrà. Ẹ wo ibi tí èèkù ti pàdé irin, kó má mì. Lẹ́yìn náà ẹ lò ó fún ọjọ́ méje, kí ẹ wo iye ìgbà tí ẹ máa pọ́n ọn.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí ẹgbẹ́ rèé. Kí ẹgbẹ́ tó yá ẹnikẹ́ni lówó láti kó ọ̀bẹ, kí olúwa rẹ̀ mú ẹyọ kan wá. Ká gbé e fún ẹlẹ́ran kan àti alásè kan nínú wa fún ọ̀sẹ̀ kan. Tí wọ́n bá ní ó dáa, kí owó jáde, Ṣáínà ni o, Jámánì ni o, ilé alágbẹ̀dẹ ni o. Èyí tó bá wá láti Ṣáínà, ká pè é ní ti Ṣáínà fún oníbàárà, ká sì fi ẹnu wa sọ pé ó mú. Oníbàárà tó bá ká irọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò ní í padà, á sì sọ fún ìdílé rẹ̀. Owó ẹgbẹ́ tó bá sì há sínú páálí ọ̀bẹ tí kò tà, owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ẹnìkan nínú wa ni.

 Ọjà á tà, a ò ní í fi ọwọ́ ara wa ṣe ara wa. Àjọ̀dún tó ń bọ̀ á bá gbogbo wa láyọ̀. Àṣẹ.