Ẹ Fọ Ọwọ́ Yín Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Kan Aláìsàn

Mo ti ṣe ìlérí fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa pé ní àṣálẹ́ òní, n óò to àwọn kòkòrò àrùn tí ń lúgọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹẹsẹ, àwọn tí dókítà ń pè ní Pseudomonas, Klebsiella àti ẹgbẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí ẹ kọ sí mi ti fa ọ̀rọ̀ gba ọ̀nà mìíràn, nítorí ohun tí àwa fúnra wa ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn kàn wá ju orúkọ kòkòrò lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìwọ̀nba tí ó ṣe kókó. Òmíràn nínú àwọn kòkòrò wọ̀nyí ń gbé inú imú wa, òmíràn inú ìfun, òmíràn ẹnu ẹ̀rọ omi, wọn kì í sì í sábà ṣe abarapá ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀: ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ẹni tí iná jó, ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé tí a fi bí i, ẹni tí a fi rọ́bà sí lára kí ó lè tọ̀, ògiri ti gbogbo wọn ti lanu, ọwọ́ wa ni ó sì sábà máa ń gbé aláǹgbá náà dé ẹnu ihò. Nítorí náà, ẹ fọ ọwọ́ yín.

Ìyá kan kọ̀wé láti Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé, pé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá fún ọkọ òun, pé ojú abẹ náà dára, àfi bí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọyún, àti pé àwọn nọ́ọ̀sì ni ó jẹ̀bi. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ o, nítorí mo ti fi ojú mi rí nọ́ọ̀sì tí ó wọ ibọ̀wọ́ kan náà láti ibùsùn àkọ́kọ́ dé ti ìkẹyìn, èyí tí kò dára rárá. Ṣùgbọ́n, ìyá mi, nínú lẹ́tà yín kan náà ni ẹ ti sọ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ yín wá láti ọjà, wọ́n jókòó yí baba ká lórí ibùsùn, ọ̀kan ṣí báńdéèjì wò kí ó lè mọ bí ó ti ń jinná sí, ẹ̀gbọ́n baba sì tú kápúsù ampiclox, oògùn apakòkòrò, dà sójú egbò. Ẹ má bínú sí mi. Ẹni tí ó fẹ́ràn ẹni ní í bá ni wí. Ọwọ́ tí ó ti ka owó láti òwúrọ̀, tí ó ti wọn gààrí, tí ó sì ti di irin mọ́tò mú, ṣé òun ni ó yẹ kí ó ṣí báńdéèjì? Ojú egbò kì í ṣe egúngún tí à ń pé wò. Kápúsù sì wà fún gbígbé mì lọ́nà tí dókítà là sílẹ̀. Bí a bá ń bù ú wọ́n egbò, ńṣe ni kòkòrò ń tọ́ ọ wò títí yóò fi mọ bí a ti ń kò ó lójú.

Ẹ gbọ́ ìtàn kan. Ní ìlú Vienna, ní ọdún 1847, dókítà kan wà tí ń jẹ́ Ignaz Semmelweis, ní ilé ìwòsàn tí ó ní wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí méjì. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ àwọn agbẹ̀bí sàn ju ti àwọn dókítà lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aboyún fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a má gbé àwọn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó wá hàn sí i pé láti ibi tí wọ́n ti ń la òkú ni àwọn dókítà ti ń bọ̀ wá gbẹ̀bí. Ó pàṣẹ kí wọ́n máa fi omi kílórínì fọ ọwọ́. Ní wọ́ọ̀dù àwọn dókítà, nínú 100 ìyá, bí 18 ni ó ń kú ní oṣù kẹrin ọdún náà, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà, bí 2 péré ni. Wọn kò ra ẹ̀rọ tuntun kan. Ọwọ́ ni wọ́n fọ̀.

Àwa náà ti fọ ọwọ́ rí: nígbà tí Ẹ̀bólà wọ Èkó ní 2014, kò sí ẹnubodè tí kò ní báàkẹ́tì omi àti ọṣẹ. Àrùn yẹn lọ, àwọn báàkẹ́tì náà sì padà sí ilé ìdáná. Bàbá kan tilẹ̀ kọ̀wé pé omi kò sí ní ilé ìwòsàn tí òun lọ. Baba, ẹjọ́ yín tọ́: ẹni tí yóò dá ilé ìwòsàn sílẹ̀, omi ni kí ó kọ́kọ́ wá.

Bí omi bá sì wà, ẹ má fọwọ́ sínú abọ́ àjùmọ̀lò, ẹ má fi ìró nu ọwọ́. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọ́wọ́ fi ń mọ́: omi tí ń ṣàn, ọṣẹ, àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka, àtàǹpàkò, abẹ́ èékánná, kí ó tó ìṣẹ́jú kan.

Àkókò ti tán, àwọn kòkòrò yóò dúró di ọjọ́ mìíràn. Bí ẹ bá lọ kí aláìsàn lọ́la, ẹ má jókòó sórí ibùsùn rẹ̀, ẹ má ṣí egbò rẹ̀, ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó wọlé, kí ẹ sì tún un fọ̀ bí ẹ bá jáde. Bí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà bá sì fẹ́ fọwọ́ kàn án láìfọwọ́, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti fọwọ́?" Kì í ṣe àfojúdi; ẹ̀mí ènìyàn yín ni ẹ ń dáàbò bò.