Àìsàn Ọpọlọ àti Ìdílé ní Ilẹ̀ Íńdíà

Ọ̀rọ̀ àìsàn ọpọlọ ni mo bá wá lónìí. Àwọn àgbà ní, wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ẹni tí kò tíì kàn ló ń fi í rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Íńdíà. Ọ̀pọ̀ ìdílé níbẹ̀ ló ń gbé pọ̀ bí tiwa: bàbá àgbà, ìyá àgbà, ọmọ, ìyàwó ọmọ, àti ọmọ-ọmọ. Bí nǹkan bá ṣe ẹnì kan, ó kan gbogbo ilé.

Báwo ni àìsàn yìí ṣe ń bẹ̀rẹ̀? Ọ̀dọ́ ló sábà máa ń mú, láti bí ọmọ ọdún 15 títí dé 30. Ọmọ tó ń ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dá jókòó. Kò ní í sùn lóru. Kò ní í fẹ́ wẹ̀. Á máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Á ní aládùúgbò ń lépa òun, tàbí pé ìyá òun fẹ́ fún òun ní májèlé jẹ. Kì í ṣe pé ó ń purọ́ o. Ohùn náà ń dún létí rẹ̀ bí ohùn mi ti ń dún létí yín yìí.

Kí ni ìdílé ń ṣe? Àwọn mìíràn á fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Òbí ló sábà máa ń bá ọmọ wá ọkọ tàbí aya níbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí ayé bá gbọ́, kò sẹ́ni tí yóò fẹ́ àbúrò rẹ̀. Àwọn mìíràn á ní, "Ẹ jẹ́ ká fún un níyàwó, orí rẹ̀ á pé." Ìgbéyàwó kì í ṣe oògùn. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n kó sínú wàhálà yẹn. Àwọn mìíràn á gbé e lọ sí ilé àdúrà, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Ògọ́sítì ọdún 2001, ní Erwadi, ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, iná jó irú ilé bẹ́ẹ̀ kan. Wọ́n ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de àwọn aláìsàn mọ́lẹ̀. Wọn kò lè sá. Ènìyàn 28 ló kú. Ọmọ ẹnì kan ni olúkúlùkù wọn. Òfin Íńdíà ti ọdún 2017 kọ̀ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de aláìsàn ọpọlọ.

Ṣùgbọ́n ẹbí lè ṣe rere. Láàárín 1950 sí 1960, Dókítà Vidya Sagar ní Amritsar pa àgọ́ sínú ọgbà ilé ìwòsàn, kí ẹbí lè máa gbé pẹ̀lú aláìsàn wọn. Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ bí a ti ń ṣe é. Lọ́dọ̀ tiwa náà, láti 1954, Dókítà Lambo ṣe ohun tó jọ ọ́ ní Aro, l'Ábẹ́òkúta. Aláìsàn ń gbé nínú abúlé tòun ti ẹbí rẹ̀.

Àwọn dókítà tún wo ọ̀rọ̀ yìí ní Chandigarh, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 1987. Ìdílé ibẹ̀ kì í bá aláìsàn wí tó ti London. Níbi tí wọ́n bá sì ti ń kanra mọ́ ọn, àìsàn náà máa ń padà jù. Kì í ṣe ẹbí ló fa àìsàn o, ṣùgbọ́n ẹnu wa lè tù ú, ó sì lè dá a padà.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí àmì yìí lára ọmọ, ẹ tètè gbé e lọ sí ọsibítù. Kékeré la ti ń pa ẹkàn ìrókò. Ẹ jẹ́ kó máa lo oògùn rẹ̀, kó má dá a dúró láìgba àṣẹ dókítà. Ẹ má bá a jiyàn lórí ohùn tó ń gbọ́. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá ń sọ pé òun fẹ́ kú, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ má sì di gbogbo ẹrù náà ru ìyá rẹ̀ nìkan. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Bí ibà bá mú ọmọ, a kì í tijú gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ jẹ́ kí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò dá.