Bí Ìlú Bá Kórìíra Gómìnà, Ǹjẹ́ Ẹgbẹ́ Rẹ̀ Lè Di Ìpínlẹ̀ Mú?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ wa)

Kí a má baà fi ọ̀rọ̀ ilé dá ìjà sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wá ìdáhùn ìbéèrè yìí lọ sí ìpínlẹ̀ Kentucky ní Amẹ́ríkà.

Àwọn ará Kentucky a máa di àṣà àti ìgbàgbọ́ àwọn baba wọn mú ṣinṣin. Ní ọdún 2016, nígbà tí Donald Trump ti ẹgbẹ́ Republican ń du ipò Ààrẹ, ó fi nǹkan bí ìbò 30 nínú 100 ta alátakò rẹ̀ yọ níbẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ kan náà ni Matt Bevin, tí ó ti di gómìnà láti òpin ọdún 2015. Ta ni ìbá rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ṣubú?

Ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì àwọn olùkọ́ ni ó dá wàhálà sílẹ̀. Òtítọ́ ni pé owó inú àpò náà kò tó mọ́ kí Bevin tó dé. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹta ọdún 2018, àwọn aṣòfin mú àbá òfin kan tí ó wà fún ọ̀rọ̀ omi ẹ̀gbin, wọ́n kó inú rẹ̀ dànù, wọ́n fi òfin owó ìfẹ̀yìntì rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì parí rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Gómìnà fọwọ́ sí i. Àwọn olùkọ́ bínú, wọ́n ya lọ sí Frankfort, olú ìlú wọn, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ sì tì. Ní oṣù Kẹrin, Gómìnà sọ pé ó dá òun lójú pé ẹnì kan ti hùwà ìbàjẹ́ sí ọmọdé níbì kan, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò mójú tó o. Ó tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀. Bí ó bá bọ́, fífọ́ ni í fọ́. Àwa tí a ń fi iṣẹ́ olùkọ́ jẹun mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń dun ni tó.

Andy Beshear ti ẹgbẹ́ Democrat, tí í ṣe Agbẹjọ́rò Àgbà ìpínlẹ̀ náà nígbà náà, gbé òfin yìí lọ sí kóòtù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ibẹ̀ fagi lé e, nítorí pé a kò kà á nígbà mẹ́ta ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bí òfin ti wí. Nígbà tí Beshear wá du ipò gómìnà, Jacqueline Coleman, ẹni tí ó ti ṣe olùkọ́, ni ó fi ṣe igbákejì. Trump tìkara rẹ̀ wá sí Lexington láti bẹ̀bẹ̀ fún Bevin. Ní ọjọ́ kejì, 5 oṣù Kọkànlá ọdún 2019, Beshear ní ìbò 709,890, Bevin ní 704,754. Ìbò 5,136 péré ni ó lé gómìnà kúrò.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: lọ́jọ́ kan náà, ẹgbẹ́ Republican gba gbogbo ipò márùn-ún yòókù tí ìpínlẹ̀ náà dìbò fún. Àwọn ènìyàn kò kọ ẹgbẹ́ wọn; ẹnì kan ni wọ́n kọ̀. Ìdáhùn wa nìyí: ẹgbẹ́ lè di ìpínlẹ̀ mú, ṣùgbọ́n kò lè fi ẹ̀yìn pọn olórí tí ó ti tàbùkù àwọn ará ilé. Ìjókòó tí ó bọ́ kì í sì í tètè padà: ní ọdún 2023, Beshear tún borí Daniel Cameron, ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún náà.

Ẹ̀yin ará, ìfẹ́ ìlú wa jinlẹ̀ lọ́kàn wa. Kí àwa tí a ń ṣe olórí má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ìfẹ́ náà láti fi ọ̀rọ̀ owó Ẹgbẹ́ ṣe ìkọ̀kọ̀, tàbí láti fi ìgbéraga dá ẹni tí ó bá béèrè rẹ̀ lóhùn. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó.