Kí Àkọ́bí Tó Dé, Níbo La Ó Máa Gbé?

Ọ̀rọ̀ tòní kan àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó àti àwọn tó ń múra àtigbéyàwó. Ó kan ẹ̀yin òbí wọn pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọ̀dọ́kùnrin kan gbéyàwó. Wọn kò tíì bímọ. Nígbà ọdún, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti Èkó dé. Ó wọ aṣọ tuntun, ó gun alùpùpù tuntun. Ó ní: "Kí lo ń dúró dè níbí?" Láti ọjọ́ náà, oorun kò kun ọ̀dọ́kùnrin yìí mọ́. Ó fẹ́ kó ẹrù, kó máa lọ. Ìyá rẹ̀ ní kí wọ́n kọ́kọ́ bímọ ná. Ìyàwó rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ta ló gba?

Àwọn àgbà ní, ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Lónìí, a fẹ́ fi kún un pé: ilé là ń wò ká tó bí ọmọ náà pẹ̀lú.

ÌRÌN ÀJÒ KÌ Í ṢE OHUN TUNTUN

Kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn kúrò nílé láti wá iṣẹ́. Àwọn baba wa rìn. Lọ́dún 1889, àwọn Faransé àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì jókòó, wọ́n fa ìlà sí àárin ilẹ̀ wa. Kétu bọ́ sí apá ti Faransé. Ìmẹ̀kọ bọ́ sí apá ti Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ìlà náà kò pín ẹbí. Títí di òní, ẹni tó ń gbé ní Kétu lè ní ẹ̀gbọ́n ní Ìmẹ̀kọ. Ẹni tó ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ ibodè níhìn-ín lè ní àna ní Ìdí-Ìrókò.

Lọ́dún 1979, àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Dakar. Benin, Togo àti Nàìjíríà wà nínú rẹ̀. Àdéhùn náà sọ pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba físà, kí ó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀, bí ìwé rẹ̀ bá ti pé. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ gba ìwé ìgbélùú.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká rántí pé ilẹ̀ kan ni fún ẹbí, ilẹ̀ méjì ni fún òfin. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde kúrò ní ìlú. Àwọn ará Ghana ló pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n àwọn ará Benin àti ti Togo wà níbẹ̀. Lọ́dún 1985, irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ tún jáde. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, wọ́n ti ibodè ilẹ̀ pa fún ọjà. Oṣù kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i padà.

A kò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí Èkó, sí Abẹ́òkúta tàbí sí Kútọnu, wọ́n sì rí ṣe. A sọ ọ́ kí ẹni tó ń lọ lè mọ̀ pé ibodè tó ṣí lónìí lè tì lọ́la. Ẹni tó dá wà lè sá wálé lóru. Ẹni tó ní ọmọ mẹ́ta, tí ọ̀kan wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, kò lè rìn bẹ́ẹ̀.

ÌDÍ TÓ FI YẸ KÁ GBÈRÒ KÍ OYÚN TÓ DÉ

Ọkọ àti ìyàwó tí kò tíì bímọ lè sùn sí yàrá ọ̀rẹ́ fún oṣù mélòó kan. Wọ́n lè mu gàárì lálẹ́, kí wọ́n sì sùn. Bí ibẹ̀ kò bá dára, wọ́n á di ẹrù wọn, wọ́n á padà. Kò ní pa wọ́n lára púpọ̀. Ọmọ kékeré kò mọ ìyẹn. Ó fẹ́ omi tó mọ́. Ó fẹ́ oorun. Ibà kì í dúró kí bàbá ríṣẹ́ ná kó tó mú un.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà tún wà. Nílé, ìyá ọkọ ń bẹ, ìyá ìyàwó kò jìnnà. Wọ́n á wẹ ọmọ, wọ́n á fi omi gbígbóná tọ́jú ìyá ọmọ, wọ́n á gbé ọmọ pọ̀n kí ìyá rẹ̀ lè sùn díẹ̀. Ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá a tọ́ ọ. Ní ìlú ńlá, ta ni igba ènìyàn yẹn? Bí ẹ kò bá lè dárúkọ ẹyọ ẹnì kan, ẹ kò tíì ṣe tán.

ÌBÉÈRÈ MẸ́RIN TÓ YẸ KÍ Ẹ DÁHÙN

Ìkíní: èló ni yóò kù sí wa lọ́wọ́? Ẹ má ṣe béèrè èló ni wọ́n ń san níbẹ̀ nìkan. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kékeré ṣe àpẹẹrẹ. Ọkọ kan ń rí 40.000 sẹ́fà lóṣù nílé. Ìyàwó rẹ̀ ń rí 12.000 nínú gàárì tó ń tà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 52.000. Wọ́n sọ fún ọkọ pé yóò rí 70.000 ní Kútọnu. Inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n nílé, kì í san owó ilé, oko ló sì ń bọ́ wọn. Ní Kútọnu, yóò san 15.000 fún yàrá. Yóò san 10.000 fún ọkọ̀ àti sẹ́míjan. Yóò fi 15.000 ra oúnjẹ tí oko ń fún un tẹ́lẹ̀. Ìyẹn jẹ́ 40.000. Nínú 70.000, 30.000 ló kù. Ìyàwó rẹ̀ kò sì tíì ní oníbàárà kankan níbẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Owó pọ̀ létí, ó kéré lọ́wọ́. Ẹ fi owó tiyín rọ́pò owó tí a kọ yìí, kí ẹ tún un ṣírò. Ó lè jẹ́ pé tiyín yóò lérè.

Ẹni tó ń lọ sí Nàìjíríà yóò ṣírò nǹkan méjì sí i. Èkíní ni owó ilé. Ní Èkó, ọ̀pọ̀ onílé ń gba owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà, kí a tó fi owó ẹni tó wá ilé kún un. Èkejì ni iye náírà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba Nàìjíríà jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà, owó náà sì já wálẹ̀ púpọ̀. Ẹni tó ń gba náírà, tó ń fi owó ránṣẹ́ sílé, rí i pé iye náírà kan náà kò ra iye sẹ́fà tó ń rà tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ìkejì: ta ni yóò gba aboyún? Láti ọdún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń sọ pé kí aboyún rí oníṣègùn tàbí agbẹ̀bí ní ìgbà 8, ó kéré tán. Kí ó lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 12. Nítorí náà, ẹ béèrè: níbi tí à ń lọ, ilé ìwòsàn wo ló wà nítòsí? Èló ni wọ́n ń gbà? Lóru, kí ni yóò gbé wa débẹ̀? Ẹ béèrè ìbéèrè kan náà nípa abúlé yín. Bí ilé ìwòsàn bá jìnnà sí abúlé, tí ọ̀nà kò sì ṣeé gbà nígbà òjò, ìyẹn náà jẹ́ ìdí láti sún mọ́ ìlú.

Ìkẹta: ìwé wo ni ọmọ yóò ní? Ọmọ tí a bí ní Benin gbọ́dọ̀ ní ìwé ọjọ́ ìbí. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ kí ẹ tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ tí kò ní i yóò rí ìyọnu nígbà tó bá fẹ́ ṣe ìdánwò CEP. Bí ẹ bá bí ọmọ sí Nàìjíríà, ẹ lọ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì gba ìwé rẹ̀. Ẹ má rò pé bíbí níbẹ̀ nìkan ti sọ ọ́ di ọmọ Nàìjíríà. Òfin ńlá Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní bàbá tàbí ìyá ọmọ náà, tàbí ọ̀kan nínú àwọn òbí wọn, gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ọmọ tí kò ní ìwé níhìn-ín, tí kò ní ìwé lọ́hùn-ún, ìbodè méjèèjì ni yóò máa dá a dúró.

Ìkẹrin: èdè wo ni yóò fi kàwé? Nílé ìwé wa ní Benin, Faransé ni. Ní Nàìjíríà, Gẹ̀ẹ́sì ni. Láti ọdún 2006, ìjọba Benin ti mú owó ilé ìwé kúrò ní àwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba. Ọmọ tó ti ka ìwé dé CE1 ní Faransé, tí a wá gbé lọ sí Èkó, yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè mìíràn. Ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń padà sẹ́yìn láàárín ẹgbẹ́ wọn. Ẹ mọ ibi tí ọmọ yóò ti kàwé kí ẹ tó bí i. Ẹ sì máa sọ Yorùbá fún un nílé, ibi yòówù kí ẹ wà.

Ẹ JẸ́ KÍ OBÌNRIN SỌ TIRẸ̀

Ní ọ̀pọ̀ ilé, ọkọ ló ń pinnu. Ìyàwó ń gbọ́ nígbà tí ẹrù ti wà nílẹ̀. Ìyẹn kò dára. Ara rẹ̀ ni oyún yóò wà. Òun ni yóò wà nínú yàrá pẹ̀lú ọmọ nígbà tí ọkọ bá wà níbi iṣẹ́. Òun náà ní ọjà tó ń tà, tàbí iṣẹ́ ìránṣọ tó ń kọ́. Bí ó bá ku oṣù mẹ́fà kó gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ẹ jẹ́ kó parí rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ kì í wúwo nínú ẹrù.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, a bẹ̀ yín. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ oyún lé àwọn ọmọ yín kiri lóṣooṣù. Ẹ fún wọn láyè kí wọ́n gbèrò. Bí wọ́n bá fẹ́ dúró díẹ̀ kí oyún tó dé, agbẹ̀bí ilé ìwòsàn yóò fi ọ̀nà tó dára hàn wọ́n.

OHUN TÍ À Ń DÁMỌ̀RÀN

Ẹ mú ìwé kan. Ẹ fa ìlà sí àárin rẹ̀. Ní apá kan, ẹ kọ: NÍHÌN-ÍN. Ní apá kejì, ẹ kọ: LỌ́HÙN-ÚN. Ẹ kọ ìdáhùn ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí abẹ́ wọn. Ohun tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún un. Àyè tó ṣófo ni ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ lọ wádìí. Ẹ má bi ẹni tó wálé wá ṣọdún nìkan. Ẹ bi ẹni tó lọ, tó sì padà pẹ̀lú.

Bí ìwé náà bá sọ pé ìrìn àjò lérè, ẹ lọ kí oyún tó dé. Ẹ kọ́kọ́ lọ dán an wò fún oṣù mẹ́ta. Ẹ mú ìwé yín dání. Ẹ má ta ilẹ̀, ẹ má ta ẹ̀rọ gàárì. Ẹ dá ọjọ́ tí ẹ ó jókòó láti tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò.

Bí oyún bá ti wà nílẹ̀, ìmọ̀ràn wa yàtọ̀. Ẹ mú sùúrù. Ẹ bímọ sí ibi tí ẹ ti ní ènìyàn. Ẹ gba ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ti ọjọ́ ìbí, ti ọ̀sẹ̀ 6, ti ọ̀sẹ̀ 10 àti ti ọ̀sẹ̀ 14. Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ náà dání, kí wọ́n lè fún un ní ti oṣù 9 níbi tí ẹ bá wà.

Bí ìwé náà bá sì sọ pé ilé ló dára jù, ẹ dúró pẹ̀lú ọkàn kan. Ẹni tó dúró nítorí pé ó ti ṣírò kì í ṣe ọ̀lẹ.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ ÌKÀWÉ

1. Nínú ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èwo ló nira jù láti dáhùn ní abúlé yín?
2. Ẹ tún ìṣirò ti Kútọnu ṣe pẹ̀lú owó ilé àti owó ọkọ̀ tí ẹ̀yin mọ̀. Èló ló kù?
3. Mélòó nínú àwọn ọmọ kékeré abúlé yín ni kò tíì ní ìwé ọjọ́ ìbí? Ta ni yóò bá àwọn òbí wọn lọ sí àrọ́ńdísímá?

Ẹ jọ kà á, ẹ jọ jíròrò. Kí Ọlọ́run fún yín ní ọmọ ní àkókò tó wọ̀, kí ó sì jẹ́ kí ọmọ náà bá ilé tó tòrò. Ó dìgbà kan ná o.