Títún Ilé Arúgbó Ṣe Kí Ó Tó Wó

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní rí ibi wọ̀ ọ́. Nítorí ìṣọ̀kan ẹbí ni àwọn àgbà ṣe máa ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n ó bá ọ̀rọ̀ ilé àwọn arúgbó, àwọn opó àti àwọn aláàbọ̀ ara mu pẹ̀lú.

Ní Ìlogbò-Èkìtì, bí ó ti rí ní àwọn ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Èkìtì, ilé amọ̀ tí àwọn baba kọ́, tí wọ́n sì fi páànù bò, kò tí ì tán nílẹ̀. Amọ̀ kọ́ ni ọ̀tá irú ilé bẹ́ẹ̀, omi ni. Bí ìṣó bá dógùn-ún, ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò yóò ṣí páànù, omi yóò máa wọ orí ògiri, igi òrùlé yóò sì jẹrà. Bí àgbàrá bá ń gbá ìdí ilé, ìpìlẹ̀ yóò máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí páànù méjì àti ìwọ̀n ìṣó díẹ̀ ìbá tún ṣe lónìí lè gba odidi ilé lọ́la.

Bí ilé arúgbó bá wó, kì í ṣe ògiri nìkan ni ó bá a lọ. Àwọn ará Èkó rí èyí. Láti ọdún 1955 ni ìgbìmọ̀ Lagos Executive Development Board bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn agbo ilé tí ó há gádígádí láàárín ìlú Èkó, tí wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Ọ̀mọ̀wé ará Ìlú Ọba kan, Peter Marris, bẹ àwọn ènìyàn náà wò, ó sì kọ ìwé lórí wọn ní ọdún 1961. Ilé tuntun náà dára, ṣùgbọ́n ẹbí ti jìnnà, àwọn oníṣòwò pàdánù oníbàárà, owó ọkọ̀ sì ń jẹ èrè wọn.

Nítorí náà ni àwọn ìlú mìíràn ṣe yàn láti tún ilé ṣe níbi tí ó wà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1996 fún kánsù ní àṣẹ láti san owó àtúnṣe ilé aláàbọ̀ ara, tí ó lè tó 30,000 pọ́n-ùn. Wọn yóò wo ohun tí ẹni náà kò lè ṣe nínú ilé rẹ̀, wọn yóò sì fẹ ẹnu ọ̀nà tàbí kí wọ́n tún balùwẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n wọ́n ń béèrè ìwé ẹ̀rí pé aláàbọ̀ ara náà ní in lọ́kàn láti gbé ibẹ̀ fún ọdún 5. Ọgbọ́n ńlá ni èyí, kí àtúnṣe má baà di ti ẹlòmíràn.

Ní Nàìjíríà, àjọ NEMA, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1999, a máa fún àwọn tí ìjì ba ilé wọn jẹ́ ní páànù, ìṣó àti sìmẹ́ńtì. Ní ọdún 2011, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í san náírà 5,000 lóṣooṣù fún àwọn aláìní tí ó ti pé ẹni ọdún 65. Ọ̀kan ń dé lẹ́yìn ìjì. Oúnjẹ ni èkejì lè tó rà nígbà náà. Kò sí èyí tí ó dáàbò bo òrùlé kí òjò tó dé.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ìlú wà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí àwọn olórí àdúgbò kọ orúkọ ilé tí arúgbó ń dá gbé sílẹ̀. Kí káfíńtà àti bíríkìlà yẹ̀ wọ́n wò, kí a fi ọ̀wẹ̀ la ojú àgbàrá, kí a kó ìdí ògiri jọ, kí a sì pààrọ̀ páànù tí ó lu. Kí owó àwọn ọmọ tí ó wà lẹ́yìn odi ra ohun èlò.

Bí ilé náà bá jẹ́ ilé ẹbí, kí gbogbo mọ̀lẹ́bí kọ́kọ́ fohùn ṣọ̀kan níwájú àwọn àgbà pé, lẹ́yìn àtúnṣe, ẹnikẹ́ni kò ní lé arúgbó náà jáde láti fi yàrá rẹ̀ gba owó ilé. Láìsí àdéhùn yìí, àtúnṣe lè di ohun tí yóò sọ opó di aláìnílé.

Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òrùlé tí kò jò wà lára ọmú náà.